Lafayette yìí, ìlú ni àbí èèyàn, ta ló ni orúkọ yìí gan-an?

ỌmọÒṣogbo
Ẹ kú àárọ̀ o ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan rí àdìmíṣọ̀n sí Amẹ́ríkà, inú gbogbo ilé dùn, bàbá ẹ̀ wá fi fọ́ìsì nóòtù sórí grúùpù ẹbí pé "ọmọ wa ń lọ sí Lafayette o", kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó bá gba oko lọ níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò ti sí. Látìgbà náà ni ìjà ti bẹ́ sílẹ̀. Àbúrò bàbá wa kan ní Louisiana ni, pé ibẹ̀ ń móoru bíi tilé ńbí, kí ọmọ má wulẹ̀ náwó sórí kóòtù. Ẹ̀gbọ́n míì ní irọ́ ńlá, pé Indiana ni, pé yìnyín ibẹ̀ ò ṣeé fẹnu sọ. Èmi wá ṣí máàpù orí fóònù mi, mo tẹ Lafayette, orí mi fò lọ. Lafayette níbí, La Fayette lọ́hùn-ún, Fayetteville bíi mélòó kan, Fayette County, ó tún wá ku ṣọ́ọ̀bù ńlá kan ní Paris tí ìyàwó ọ̀gá mi máa ń ya fọ́tò níwájú ẹ̀. Ta ni bàbá yìí tó gba gbogbo ilẹ̀ káàkiri?

ÌyáÌbejì_Houston
Ẹ kú oríire ọmọ, á ṣe é láṣeyọrí. Ti Louisiana ni mo lè sọ torí títì I-10 tó gba Houston kọjá náà ló lọ síbẹ̀ tààrà, tẹ́ ẹ bá gbéra láàárọ̀ kùtù ẹ ó débẹ̀ kí oòrùn tó kàn àtàrí, bí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ò bá dá yín dúró ní Beaumont tàbí Lake Charles. Ìlú àwọn Cajun ni, àwọn tí babańlá wọn jẹ́ Faransé tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì lé kúrò ní Acadia lápá Kánádà láti 1755, àwọn àgbàlagbà kan níbẹ̀ ṣì ń sọ Faransé dòní. Ìrẹsì ò wọ́n lórí tábìlì wọn, wọ́n ń se ilá bíi tiwa, ata wọn náà ń ta, ọmọ yín ò ní jìyà oúnjẹ.

Àmọ́ ìlú yẹn ò jẹ́ Lafayette láti ilẹ̀ o. Vermilionville ni wọ́n ń pè é títí di 1884. Láti 1823 ni agbègbè tó yí i ká ti ń jẹ́ Lafayette, ìlú yẹn gan-an ni ò rí orúkọ ọ̀hún gbà torí Lafayette míì ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ New Orleans. New Orleans wá gbé ìyẹn mì ní 1852, ó ku itẹ́ òkú tó ṣì ń jẹ́ Lafayette ní Garden District lónìí. Ìgbà tí orúkọ bọ́ sílẹ̀ ni Vermilionville tó rí i mú.

ỌmọÌjẹ̀bú_Indiana
Ẹ jẹ́ kí n gbèjà ẹ̀gbọ́n tó pe Indiana. Lafayette wà ńbí, West Lafayette náà wà ńbí, odò Wabash ló là wọ́n láàárín. Ọmọ Nàìjíríà tó bá ní òun wà ní "Lafayette" lápá ibí, ẹ máa bi í dáadáa, yunifásítì Purdue ló ń lọ, West Lafayette ni Purdue sì wà, ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ máa pe West yẹn lójoojúmọ́. 1825 ni ọkùnrin kan tó ń jẹ́ William Digby gé ilẹ̀ ìlú náà sí púlọ́ọ̀tì, ọdún yẹn gan-an ni Lafayette fúnra ẹ̀ ń rìn káàkiri Amẹ́ríkà, orúkọ ẹ̀ ló wà lẹ́nu tọmọdé tàgbà. Axl Rose tó ń kọrin fún Guns N' Roses, ìlú yìí ni wọ́n bí i sí.

Àti ti tíkẹ́ẹ̀tì, ẹ ṣọ́ra gidi. LAF ni kóòdù pápákọ̀ òfuurufú tibí, LFT ni ti Louisiana. Mo mọ ẹnì kan tí ejẹ́ǹtì ẹ̀ n'Íkẹjà tẹ kóòdù kan dípò ìkejì, ó fi kóòtù òtútù balẹ̀ sí Louisiana nínú oṣù August.

Ẹlẹ́nuBíEbè
Nínú kóòtù, August, Louisiana 😂😂😂 ó ti jinná nìyẹn

TísàÌtàn_Abẹ́òkúta
Ẹ̀yin tí ẹ ń jà lórí ìlú, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ẹni náà. Marie-Joseph Paul Yves Roch Gilbert du Motier, Marquis de La Fayette. Ẹ mí kanlẹ̀ ná. Ọjọ́ 6 oṣù September 1757 ni wọ́n bí i ní Chavaniac, abúlé kan lórí òkè Auvergne nílẹ̀ Faransé. Kò tíì pé ọmọ ọdún méjì tí ogun pa bàbá ẹ̀ ní Minden ní Jámánì, àwọn Gẹ̀ẹ́sì wà lára àwọn tí wọ́n ń bá jà níbẹ̀, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn. 1770 ìyá ẹ̀ kú, bàbá àgbà ẹ̀ níhà ìyá tẹ̀ lé e láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, bí ogún rẹpẹtẹ ṣe já lé ọmọ ọdún méjìlá lọ́wọ́ nìyẹn. Nígbà tó di ọmọ ọdún 16 wọ́n fi Adrienne fún un láya, ọmọ ilé Noailles, ilé ńlá tó súnmọ́ ọba, ọmọ ọdún 14 nìyẹn wà.

Amẹ́ríkà wá gbé ìjà ko Gẹ̀ẹ́sì. Ọba Faransé ní kò gbọ́dọ̀ lọ, bàbá ìyàwó ẹ̀ náà kọ̀ jálẹ̀, ó fowó ara ẹ̀ ra ọkọ̀ ojú omi kan tó ń jẹ́ La Victoire ó sì lọ. June 1777 ló gúnlẹ̀ sí South Carolina, ọmọ ọdún 19. Àwọn sójà Faransé tó ń wá béèrè oyè ńlá àti owó oṣù ńlá ti sú àwọn aṣòfin Amẹ́ríkà, ìgbà tí èyí ní òun ò gba kọ́bọ̀ ni wọ́n fetí sílẹ̀, wọ́n fi í ṣe jẹ́nẹ́rà. Ìbọn bà á lẹ́sẹ̀ nínú ogun Brandywine ní September ọdún yẹn, òun àti George Washington sì wá di bàbá àti ọmọ, torí Washington ò bímọ. Ọmọkùnrin tí Lafayette bí lẹ́yìn náà, Georges Washington ló sọ ọ́.

1779 ó padà sílé lọ bẹ ọba kí wọ́n rán sójà àti owó, 1780 ó gbé ọkọ̀ Hermione padà wá, 1781 wọ́n ká àwọn Gẹ̀ẹ́sì mọ́ Yorktown. Àwọn Faransé tún Hermione kàn láti ìbẹ̀rẹ̀ láyé ìsinsìnyí, wọ́n wà á gba orí òkun dé Amẹ́ríkà ní 2015, ẹ lọ wo fídíò ẹ̀.

Ìyókù, Faransé ni. Wọ́n wó ẹ̀wọ̀n Bastille ní 1789, wọ́n fi í ṣe olórí ẹgbẹ́ ọmọ ogun ará ìlú ní Paris, ó fi kọ́kọ́rọ́ Bastille ránṣẹ́ sí Washington, ó ṣì wà lára ògiri ní Mount Vernon, ilé Washington, dòní. 1792 nǹkan yíwọ́, àwọn tí wọ́n jọ bẹ̀rẹ̀ ìjà fẹ́ bẹ́ ẹ lórí, ó sá, àwọn ará Austria mú un jù sẹ́wọ̀n. Ọdún márùn-ún. Adrienne kó àwọn ọmọbìnrin wọn méjèèjì lọ bá a nínú ẹ̀wọ̀n ní Olmütz, ó ní bí wọn ò bá tú u sílẹ̀ kí wọ́n ti òun náà mọ́bẹ̀. Èmi ò rí ìlú tí wọ́n fi orúkọ obìnrin yìí sọ, ó sì yẹ kó wà.

Ẹlẹ́nuBíEbè
@TísàÌtàn ẹ kú iṣẹ́ sà. Ọmọ ọdún 19 ra ọkọ̀ ojú omi, èmi ní 19 mò ń yá owó ra káàdì. Àmọ́ ẹ sọ òótọ́, ṣé ìfẹ́ òmìnira ló gbé e lọ àbí ó kàn ń sá fún bàbá ìyàwó?

TísàÌtàn_Abẹ́òkúta
Méjèèjì, ẹ fi òkìkí kún un. Òun àti ìjókòó ààfin ò bára mu, wọ́n tiẹ̀ ń fi bó ṣe ń jó ṣe yẹ̀yẹ́.

ỌmọÒṣogbo
Ẹ ṣeun gan-an o. Ṣùgbọ́n ìlú yẹn ti pọ̀ jù fún ẹnì kan ṣoṣo. Washington tó jẹ́ ọ̀gá ẹ̀ ńkọ́, ṣé ìlú tirẹ̀ pọ̀ tó báyìí?

TísàÌtàn_Abẹ́òkúta
Ti Washington pọ̀, kò sí àríyànjiyàn. Ti Lafayette yàtọ̀ torí ìrìn àjò kan. 1824 ni Ààrẹ Monroe pè é padà wá kí wọn, ó ti di arúgbó nígbà náà, nínú gbogbo mejọ-jẹ́nẹ́rà ogun òmìnira òun nìkan ló ṣẹ́ kù láyé. Gbogbo ìpínlẹ̀ 24 tó wà nígbà náà ló dé, ó lé lọ́dún kan. Ibi tó bá dé wọ́n á yìnbọn, wọ́n á jó, tó bá ti kúrò wọ́n á fi orúkọ ẹ̀ sọ títì, ilé ìwé, pápá, ìlú. Ìgbà yẹn náà ni orílẹ̀-èdè yẹn ń gbilẹ̀ lọ sápá ìwọ̀ oòrùn, ìlú tuntun ń yọ lójoojúmọ́, wọ́n ń wá orúkọ, tiẹ̀ ló wà nílẹ̀. Wọ́n tiẹ̀ fi orúkọ ilé ẹ̀ ní Faransé, La Grange, sọ ìlú, LaGrange ní Georgia.

Sójà_Fayetteville
Àwa ni àkọ́kọ́ o, kí ẹ má bàa gbàgbé. Fayetteville ní North Carolina, 1783 la ti gba orúkọ yìí, ogun ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ni, kò tíì rin ìrìn àjò kankan. Òun fúnra ẹ̀ sì wá kí wa ní March 1825. Àwọn ará Fayetteville tó wà ní Tennessee, orúkọ tiwa ni wọ́n mú lọ, àwọn ará Tennessee náà tún kó lọ sí Arkansas wọ́n tún sọ ibẹ̀ ní Fayetteville, níbi tí University of Arkansas wà lónìí. Nítorí náà tẹ́ ẹ bá rí Fayetteville ti Arkansas, ọmọ ọmọ wa ni, kó máa dọ̀bálẹ̀ fún wa. J. Cole tó ń kọrin ráàpù, ibí ló dàgbà sí, Jámánì ni wọ́n bí i sí torí bàbá ẹ̀ jẹ́ sójà.

Àti orúkọ tiẹ̀ kẹ̀, báráàkì tó wà lẹ́nu ọ̀nà wa, Camp Bragg ló ń jẹ́ ní 1918, ó di Fort Bragg ní 1922, jẹ́nẹ́rà kan tó jà fún àwọn tó ń kó ẹrú ni wọ́n fi sọ ọ́. 2023 wọ́n ní kó máa jẹ́ Fort Liberty. 2025 wọ́n ní ó tún ti di Fort Bragg, pé Bragg míì ni ṣá o, sójà kan tó jà nínú ogun àgbáyé kejì. Èmi ò sọ nǹkan kan.

Délé_Paris
Ẹ ti ń pè é ní Lafayette Lafayette, kì í kúkú ṣe orúkọ ìdílé ẹ̀ gan-an. Motier ni ìdílé wọn ń jẹ́. La Fayette jẹ́ ilẹ̀ tí wọ́n ní, wọ́n wá ń fi ilẹ̀ pe oníǹkan, bí àwa náà ṣe ń sọ pé Ọ̀ràngún wí báyìí, Olúfọ̀n ṣe báyìí, tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ orúkọ tí ìyá wọn sọ wọ́n. 1790 tí Faransé fòfin de oyè bọ̀rọ̀kìnní, ó sọ "Marquis" nù, ó sọ "de" nù, ó lẹ ìyókù pọ̀, Lafayette, ó sì ń fi bẹ́ẹ̀ buwọ́ lùwé. Ẹ ò rí i, òfin tí wọ́n fi gba oyè lọ́wọ́ wọn ló sọ orúkọ oyè di orúkọ tiẹ̀.

Òun nìkan kọ́ ló jẹ́ ẹ o. Gilbert kan ti jẹ ọ̀gá ogun Faransé nígbà ayé Joan of Arc. Obìnrin kan sì wà, Madame de La Fayette, tó fẹ́ ọmọ ìdílé yẹn ní 1655, ó kọ ìwé ìtàn àròsọ kan ní 1678 tí wọ́n ṣì ń kọ́ ní ilé ìwé níbí. Ní Faransé tó o bá ní La Fayette nínú kíláàsì lítíréṣọ̀, obìnrin yẹn ni wọ́n máa rò.

Ti ṣọ́ọ̀bù tí ìyàwó ọ̀gá rẹ fẹ́ràn: títì kan wà ní Paris tó ń jẹ́ rue Charles X, orúkọ ọba. 1830 àwọn ará ìlú lé Charles X kúrò lórí oyè, Lafayette tó ti lé ní 70 ọdún ni wọ́n tún gbé síwájú àwọn ọmọ ogun ará ìlú, ni wọ́n bá yọ orúkọ ọba kúrò lára títì wọ́n fi tiẹ̀ sí i. Nígbà tó di 1894 àwọn méjì kan, Théophile Bader àti Alphonse Kahn, ṣí ṣọ́ọ̀bù kékeré tí wọ́n ti ń ta ríbọ́ọ̀nù àti léèsì sí igun títì yẹn. Galeries Lafayette nìyẹn. Bàbá yẹn ò ta báàgì rí.

ỌmọẸ̀gbá_Peckham
Gbogbo ẹ̀ dáa, ẹ ò ṣì tíì dárúkọ Lafayette tó wù mí jù, èèyàn dúdú sì ni. James. Ẹrú William Armistead ní New Kent ní Virginia. 1781 ó gbàyè lọ́wọ́ olówó ẹ̀ láti lọ bá Lafayette ṣiṣẹ́, ìyẹn rán an wọ àgọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì, kó ṣe bí ẹrú tó sá. Ó ń bá wọn wá oúnjẹ, ó ń ṣe ìránṣẹ́ ní ìdí tábìlì, àwọn ọ̀gá ogun ń tú àṣírí wọn kalẹ̀ létí ẹ̀ torí ta ló ka ẹrú sí. Cornwallis, olórí ogun Gẹ̀ẹ́sì níbẹ̀, wá gba tiẹ̀ débi pé ó ní kó lọ máa bá òun ṣe amí lọ́dọ̀ Lafayette. James ní kò burú sà. Irọ́ ló ń kó lọ fún Gẹ̀ẹ́sì, òótọ́ ló ń kó wálé.

Ogun parí, Amẹ́ríkà gba òmìnira, James padà sóko ẹrú. Virginia ṣòfin ní 1783 pé ẹrú tó gbé ìbọn jà dípò olówó ẹ̀ ti dòmìnira, ṣùgbọ́n amí ò gbé ìbọn, wọ́n ní òfin ò kàn án. November 1784 Lafayette kọ ìwé ẹ̀rí fún un lọ́wọ́ ara ẹ̀, síbẹ̀ ó di 1787 kí ilé aṣòfin tó sanwó fún Armistead kí wọ́n tó tú u sílẹ̀. Àtìgbà yẹn ló ti ń jẹ́ James Lafayette. Àwọn ìlú yẹn, ìpàdé ni wọ́n ṣe tí wọ́n fi mú orúkọ. Ajàyí wa tí wọ́n jí kó ní Òṣogùn, tí wọ́n wá fi orúkọ Samuel Crowther, àlùfáà kan ní London, ṣèrìbọmi fún ní 1825, ṣọ́ọ̀ṣì ló fún un. James ló yan tiẹ̀ fúnra ẹ̀, bó sì ṣe yan án nìyẹn, kò mú ti Armistead. Nígbà tí Lafayette padà wá ní 1824, ó rí i láàárín èrò ní Richmond, wọ́n ní ó dá kẹ̀kẹ́ ẹṣin dúró ó sọ̀kalẹ̀ dì mọ́ ọn.

Òótọ́Korò
Ẹ rọra o ẹ má sọ Lafayette di áńgẹ́lì. Òun náà ní oko ní Cayenne ní Guyane tàwọn Faransé, ẹrú ló sì ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ẹ ò sọ ìyẹn.

TísàÌtàn_Abẹ́òkúta
Òótọ́ ni, ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ tán. 1783 ló kọ̀wé sí Washington pé kí àwọn méjèèjì ra ilẹ̀ kan kí àwọn ẹrú máa ro ó bí olómìnira, kí àwọn yòókù lè rí i pé ó ṣeé ṣe. Washington yìn ín, kò bá a ṣe é. Lafayette wá lọ ra oko ní Cayenne ní 1785, ó ní kí wọ́n máa san owó iṣẹ́ fún wọn, kí wọ́n má tà wọ́n, kí wọ́n máa dá wọn sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, Adrienne ló ń bójú tó o. 1792 tó sá, ìjọba gbẹ́sẹ̀ lé gbogbo ohun ìní ẹ̀, oko yẹn wà lára ẹ̀, ètò náà fọ́.

Òótọ́Korò
"Díẹ̀díẹ̀". Ẹni tó wà nínú ẹ̀wọ̀n Olmütz ò fẹ́ kí wọ́n tú òun sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ o.

ỌmọẸ̀gbá_Peckham
@Òótọ́Korò ibẹ̀ lo ti mú mi. Mi ò lésì.

ỌmọÒṣogbo
Ẹ̀yin èèyàn mi, bàbá ọmọ ti dé láti oko!!! Ó fi fọ́tò lẹ́tà àdìmíṣọ̀n ránṣẹ́. Kì í ṣe Louisiana. Kì í ṣe Indiana. Lafayette COLLEGE, Easton, Pennsylvania. Gbogbo àwọn ẹ̀gbọ́n ti dákẹ́ nínú grúùpù, àbúrò bàbá tó ní kí ọmọ má ra kóòtù ti fi emójì àdúrà sílẹ̀.

ÌyáÌbejì_Houston
Yéè! Ẹ kú oríire lẹ́ẹ̀kejì. Ilé ìwé gidi nìyẹn o, kékeré ni àmọ́ gidi ni. Ẹ ra kóòtù.

ỌmọÌjẹ̀bú_Indiana
Nítorí náà LAF kọ́, LFT kọ́. ABE ni pápákọ̀ tó súnmọ́ wọn jù, àmọ́ láti Èkó ẹ jẹ́ kó balẹ̀ sí New York tàbí Newark, kó wọ bọ́ọ̀sì. Easton wà létí odò Delaware, New Jersey ló wà ní òdì kejì afárá. Kó sì mọ̀ pé wọ́n ní ọ̀tá kan, Lehigh, láti 1884 ni wọ́n ti ń bá ara wọn gbá bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, ìdíje yunifásítì tí wọ́n gbá jù lọ lórílẹ̀-èdè yẹn nìyẹn. Kó má wọ aṣọ tó jọ ti Lehigh.

Easton_Ọmọ_Ọ̀wọ̀
Mo jáde níbẹ̀, mo kàn ń ka gbogbo ẹ̀ bọ̀ ni mò ń rẹ́rìn-ín. December 1824 ni àwọn ará Easton ṣèpàdé pé àwọn fẹ́ dá ilé ìwé sílẹ̀, orúkọ Lafayette sì ṣẹ̀ṣẹ̀ gbalẹ̀ kan torí ìrìn àjò tí Tísà sọ yẹn. 1826 wọ́n gbàwé àṣẹ, 1832 ni kíláàsì tó bẹ̀rẹ̀.

Kí ẹ sọ fún ọmọ yẹn kó béèrè David McDonogh tó bá dé. Ẹrú láti Louisiana ni, ẹ ò rí i pé Louisiana ò tiẹ̀ jìnnà sọ́rọ̀ yìí. Olówó ẹ̀ John McDonogh fi òun àti ọmọ ẹrú míì ránṣẹ́ sí Lafayette ní 1838, pé kí wọ́n kàwé kí wọ́n wá lọ wàásù ní Liberia. Èkejì lọ sí Liberia. David ní òun ò lọ, dókítà lòun fẹ́ ṣe, olówó ẹ̀ bínú títí, ó kàwé ẹ̀ tán ní 1844, ó bọ́ sí New York ó di dókítà ojú. Dókítà òyìnbó kan tó ràn án lọ́wọ́ níbẹ̀ ń jẹ́ John Kearny Rodgers, David wá fi Kearny sáàárín orúkọ tiẹ̀.

ỌmọẸ̀gbá_Peckham
Bíi ti James!

Easton_Ọmọ_Ọ̀wọ̀
Ó jọ ọ́, àmọ́ orúkọ olówó ẹ̀ ò kúrò lẹ́yìn, McDonogh ló jẹ́ títí. Ère irin gíga kan tí Melvin Edwards rọ fún un wà nínú ọgbà láti 2008. Ẹ sọ fún ọmọ yín kó fi ìnbọ́ọ̀sì ránṣẹ́ sí mi kó tó ra tíkẹ́ẹ̀tì, mo ní kóòtù kan nílẹ̀ tí mi ò wọ̀ mọ́.